Àwẹ̀ró Tó Lọ Yọ Ohùn Ara Rẹ̀ Kúrò Lórí Agídìgbo

Ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín lọ. Etí yín ni mo fẹ́ yá, ọwọ́ yín kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ju ẹ̀gúsí sẹ́nu, mo ń rí i o. Ojú tó ti ń rí ẹtu nínú pápá gbígbẹ kò ní ṣàìrí ọ̀jẹun.

Ìtàn ìyá tó bí mi ni mo fẹ́ sọ. Èmi Ọdẹ́bísí, ọdẹ ọmọ ọdẹ, ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ìbọn mi. Ẹ tún mọ̀ pé èmi náà ni mo yìnbọn lu òkìtì ọ̀gán lọ́jọ́sí tí mo ní ẹfọ̀n ni, tí mo pe gbogbo abúlé jáde tàwọn ti ọ̀bẹ àti agbọ̀n. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa, èmi náà ń rín in. Gbogbo akin tí mo ti ṣe láyé mi, tí a bá kó o jọ sójú kan, kò tó èyí tí Àwẹ̀ró ìyá mi fi ìdí sókè ṣe ní Ìlú Asẹ́rin. Ẹ̀rín tún ni? Ẹ dúró, a máa débẹ̀.

Àwẹ̀ró ga, ó sanra, ó sì lóhùn. Bí ó bá pe èèyàn láti ẹ̀yìnkùlé, àparò á fò lóko. Àwọn obìnrin Òkè-Ẹtu, ìlú wa, kì í rìn lọ pe ọkọ wọn lóko nígbà náà. Wọ́n á kàn yọjú sí i, wọ́n á ní, "Ìyá Ọdẹ́bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe bàbá ọmọ mi." Àwẹ̀ró á dúró nídìí ọkà tó ń rò, á la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin náà á sì máa sáré bọ̀ tòun ti ọkọ́ léjìká.

Ọkọ rẹ̀ ni Ọdẹ́gbèmí, bàbá mi, ọdẹ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Níbo ni yóò ti rí àyè sọ ọ́? Agídìgbo rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ mọ agídìgbo, àpótí pákó tí a tẹ ahọ́n irin mọ́ lójú, tí a ń gbé lé itan, tí a ń fi àtàǹpàkò ta. Ọdẹ́gbèmí a sì tún máa fi òrùka ìka rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀.

Ní Òkè-Ẹtu, ilé ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀ lórí agídìgbo. Lọ́jọ́ ọdún ọdẹ, wọ́n á to àpótí ìjókòó àwọn ilé sábẹ́ igi àràbà. Bí wọ́n bá ti ta ohùn ilé kan, olórí ilé náà á jókòó. Ilé tí alágídìgbo rẹ̀ bá kú, wọ́n á fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni lórí rẹ̀ títí ọmọ ilé á fi tó agídìgbo gbé. Bí ọmọ bá tó tán tí kò sì mọ ohùn ilé rẹ̀ í ta, wọ́n á dojú àpótí ìjókòó náà délẹ̀. Ilé náà ti tán láàárín ọdẹ nìyẹn, bí ẹni pé bàbá wọn kò mú ìbọn rí.

Ọdẹ́gbèmí kú nígbà tí mo ṣì ń rákò. Kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni. Ibì kan ṣoṣo tí ohùn ilé wa kù sí ni inú rẹ́kọ́ọ̀dù kan, àwo dúdú báyìí, tí ọkùnrin kan tó ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri ìgbèríko gbà sílẹ̀ nígbà tí oyún mi wà níkùn Àwẹ̀ró. Ọkùnrin náà kò mọ irú èèyàn tó wà níwájú rẹ̀. Ó gbé ẹnu ẹ̀rọ sí iwájú Àwẹ̀ró gan-an, ó fi Ọdẹ́gbèmí jókòó sẹ́yìn. Ẹ ti mọ ohun tó gbé lọ sílé. Àwẹ̀ró ló ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Agídìgbo wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo sì ń ta agídìgbo tí gbogbo èèyàn ń kan sáárá sí mi, Ọdẹ́lékè tó jẹ́ Olúọdẹ wá kí ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyá Ọdẹ́bísí, ẹ kú ilé."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ọmọ yín ti tó agídìgbo gbé."

"Ó tó o, ó tún lé."

"Ó ń ta ohùn ilé tèmi, ó ń ta ti gbogbo ilé. Ohùn ilé yín ńkọ́?"

"Ó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, bàbá."

"Ta ló wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù?" Olúọdẹ bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin nìkan ni mo gbọ́. Ìyá, ariwo yín lẹ fi sin ọkọ yín! Bí ọdún ọdẹ tó ń bọ̀ yìí bá dé tí a kò gbọ́ Ọdẹ́gbèmí, èmi fúnra mi ni màá dojú àpótí rẹ̀ délẹ̀. Ẹ má bínú sí mi o."

Nígbà tó lọ tán, Àwẹ̀ró wọ yàrá, ó yí ọwọ́ giramafóònù, ó gbé àwo lé e. Ohùn ara rẹ̀ tú jáde bí odò tó fọ́ bèbè. Ó ki etí bọ ẹnu fèrè ẹ̀rọ náà. Nísàlẹ̀ réré, nǹkan kan ń ta tín, tín, kó.

"Dákẹ́!" ni ó ké mọ́ ara rẹ̀ nínú àwo. "Obìnrin yìí, pa ẹnu ẹ dé kí n gbọ́ ọkọ mi!"

Obìnrin inú àwo kò dákẹ́. Ó tilẹ̀ tún gbé orin náà sókè sí i ni. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì, lẹ́yìn náà ni ó fi etí gèlè nu ojú.

Ó rántí ìlú kan tí Ọdẹ́gbèmí ṣàdédé bá nígbà kan tó ṣáko nínú igbó, ìlú àwọn iwin tí wọ́n ń sẹ́ orin bí àwa ti ń sẹ́ ògì, tí ògì á dá lọ tirẹ̀, tí èèrí á dá lọ tirẹ̀. Ó mú ìbọn ọkọ rẹ̀, ó gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká, ó fi aṣọ wé àwo náà, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ, ó fi ọ̀já gbà á.

"Níbo lẹ ń lọ, Ìyá?" ni mo bi í.

"Mo ń lọ gba bàbá ẹ sílẹ̀ lẹ́nu mi."

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ti jìn tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní etí igbó, ó ká òkété kan mọ́ ẹnu ihò, òkété tó tóbi tó ọmọ ajá. Kò pa á. Ó ní ẹran tó bá ṣì ń mí kì í rà. Ó sọ ọ́ sínú àpò ọdẹ, ó so ẹnu àpò pinpin, òkété sì ń ta ìpá níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé òkété yìí o. Èmi kò lè gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wọ Igbó Agbàsọ. Igi ibẹ̀ kò ní ewé, etí ló so. Etí ńlá, etí kékeré, etí tó gbó tó ń já bọ́ sílẹ̀. Àwẹ̀ró ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, wọ́n ń dún bí èèpo ẹ̀pà. Láàárín ọ̀nà ni Agbàsọ fúnra rẹ̀ jókòó sí, ó rí bí ìkòkò omi, kò lórí, kò lọ́rùn, ẹnu nìkan ló wà láyà rẹ̀, ẹnu tó fẹ̀ bí ojú ààrò.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ará ibí," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ará ibí, imú bí ọ̀pọ̀lọ́!" ni Agbàsọ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì gbá Àwẹ̀ró láyà bí ìgbà tí àgbò bá kan èèyàn. Ó fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì.

"Ta ló ń bú mi?"

"Ta ló ń bú mi, ìdí bí odó!" Gbì.

"Ìwọ nǹkan yìí, mo ní ìbọn lọ́wọ́ o!"

"Ìwọ nǹkan yìí, mo ní ìbọn lọ́wọ́ o, ẹnu bí agogo ilé-ìwé!" Gbì.

Bó ṣe ń dìde ló ń ṣubú. Ṣùgbọ́n ìyàwó ọdẹ ni, ó mọ ìṣe ọdẹ. Ọdẹ kì í wo ẹran lẹ́ẹ̀kan kó yìnbọn, àfi èmi tí mo bá òkìtì ọ̀gán jà. Ó dákẹ́, ó fi etí sílẹ̀, ó tún ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ó tún ṣubú. Ó wá rí i pé Agbàsọ kò ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá sọ ló ń gbà sọ, èébú tó sì ní kò ju imú, ìdí àti ẹnu lọ. Bí ó bá bú ẹnu tán, á tún padà sí imú. Àwẹ̀ró gbọn ìró rẹ̀ nù, ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀.

"Èmi Àwẹ̀ró!"

Bí Agbàsọ ti ń la ẹnu láti gba ọ̀rọ̀ náà, Àwẹ̀ró náà la tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Èmi Àwẹ̀ró, imú bí ọ̀pọ̀lọ́!"

Ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n forí gbárí, wọ́n kú. Àwẹ̀ró ń gbọ́ bí òkété ti ń mí nínú àpò.

"Èmi Àwẹ̀ró, ìdí bí odó!" Wọ́n tún jọ wí i. Ó tún kú. "Èmi Àwẹ̀ró, ẹnu bí agogo ilé-ìwé!" Ìyẹn náà kú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá yín àgbà dúró nínú igbó iwin, ó ń bú ara rẹ̀ ní àbútúnbú, inú rẹ̀ sì ń dùn! Ó wá fi tirẹ̀ kún un: "Èmi Àwẹ̀ró, ọmú bí ṣùkù àgbàdo tí wọ́n so mọ́ àjà!" Agbàsọ kò gbọ́ irú ìyẹn rí. Ó la ẹnu, kò rí nǹkan fi kún un. Ẹ̀rín ló pa á. Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbirigbiri kúrò lójú ọ̀nà, Àwẹ̀ró sì kọjá lára rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó."

Ó dé Ìlú Asẹ́rin. Àwọn ará ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, etí wọn gùn dé èjìká, ẹnu wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, nítorí wọn kì í kọrin. Èèrí orin ni oúnjẹ wọn. Ìyá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnubodè.

"Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ ń dún tó báyìí," ni arúgbó náà wí, "dáhùn kí o tó wọlé. Kí ni ó wà nínú orin tí kò kọrin, tí ó wà nínú ilé tí kò tíì wọlé, tí olórin àti onílù sì ń dúró dè é?"

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ họ orí. "Àlejò ni."

"Rárá."

"Oúnjẹ ni! Ní ilé wa, oúnjẹ ni gbogbo wa ń dúró dè."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín wíńníwíńní. "Wọlé. Ṣùgbọ́n o kò ní jáde àfi bí o bá dáhùn. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a ó fi ọ́ dáná."

"Ẹ ó rí igi tó sanra," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì wọlé.

Ìyá Asẹ́ ni olórí ìlú náà. Ó jókòó níwájú ìkòkò kan tó jin bíi kànga. Ó na aṣọ tí wọ́n fi òwú aláǹtakùn hun bo ẹnu ìkòkò náà. Ó gba àwo lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó fi èékánná yí i, ó fa ẹ̀gún òòrẹ̀ kan yọ nínú irun rẹ̀, ó sì fi ṣe abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí ẹ̀gún náà ti kan àwo, orin bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí aṣọ tó, tó, tó.

"Kí lo fẹ́ kí n yọ?"

"Ẹ bá mi yọ ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò. Ohunkóhun tó bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó ku ohun tí kì í ṣe ẹnu."

Ìyá Asẹ́ sẹ́ ẹ, ó fi ọwọ́ ra á, ó fún un. Nígbà tó tán, Àwẹ̀ró sún mọ́ ìkòkò, ó tẹ́tí. Ó gbọ́ àkùkọ tó kọ lẹ́yìnkùlé ọjọ́ náà. Ó gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́. Ó gbọ́ òrùka tó ń kan pákó, kó, kó, kó. Kò gbọ́ mìíràn.

"Agídìgbo ọkọ mi dà?"

Ìyá Asẹ́ tọ́ka sí orí aṣọ. "Agídìgbo wo? Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ. A gbọ́ ọ. Ó pe orúkọ àwọn bàbá rẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. O ní kí n yọ ohun tó ń sọ̀rọ̀, mo sì yọ ọ́. Asẹ́ mi kò mọ ọ̀rọ̀ ọkọ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ aya."

Ẹlòmíì ì bá sunkún. Àwẹ̀ró lu àyà. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará ìlú yìí, ẹ jáde wá gbọ́! Pákó àti irin ni ọkọ mi jókòó tì, iwin gbọ́ ọ, wọ́n ní èèyàn ni! Ta ló bí irú rẹ̀?" Lẹ́yìn tó fọ́nnu tán ni ẹ̀rù wá bà á. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á padà."

Wọ́n dà á padà, ṣùgbọ́n àwo náà ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ìyá Asẹ́ gbé e sójú oòrùn, oòrùn sì là á kọjá. "Kò lè gba asẹ́ mọ́. Bí mo bá tún sẹ́ ẹ, yóò fọ́, èmi kò sì mọ ọ̀nà mìíràn."

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀. Ó ń wò ó bí Olúọdẹ yóò ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo dojú àpótí Ọdẹ́gbèmí délẹ̀, tí adìyẹ yóò sì máa bà lé e. Ibẹ̀ ni ó ti rántí Agbàsọ, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra tí wọ́n forí gbárí tí wọ́n sì kú.

"Ìyá, tí mo bá kọ ohun tí obìnrin inú àwo yìí ń kọ, lẹ́ẹ̀kan náà, láìyẹ̀ níbì kan, ṣé ohùn rẹ̀ kò ní kú?"

Ìyá Asẹ́ wò ó tìyanutìyanu. "Yóò kú. Ṣùgbọ́n bí ohùn tìrẹ bá dúró bíi tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀méjì ni a ó gbọ́ ọ. Ohùn tìrẹ ní láti dojú dé."

"Kí ló ń jẹ́ kí ohùn dojú dé?"

"Kí ẹni tó ń kọ ọ́ dojú dé."

Ẹ ti débẹ̀ báyìí. Ìyá mi, obìnrin tó ga, tó sanra, tó ti lọ́kọ, tó ti bímọ, kọ ẹ̀yìn sí ìkòkò, ó tẹ̀ ba síwájú, ó ki orí bọ àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ìdí wà lókè réré bí òkè ìlú wa. Àwọn ará Asẹ́rin yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Asẹ́ gbé ẹ̀gún òòrẹ̀ lé àwo, Àwẹ̀ró sì fi ẹnu tó wà nísàlẹ̀ gbé orin.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí à ń sọ. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ọ, kò sì lè ṣàìfi ara hàn wọ́n. Ó fa ìlà kan gùn, ó gbọn ọ̀fun ní òmíràn, ó ṣe é kó dára ju ti ìjọ́sí lọ. Ohùn méjèèjì pàdé, wọn kò kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà bí ajá méjì tó rí eegun kan. Etí àwo náà sán, ó là wọnú díẹ̀.

"Dáwọ́ dúró!" ni Ìyá Asẹ́ ké. "Obìnrin, ìwọ ìsinsìnyí dára ju, ìwọ ìgbà náà ni mo fẹ́! Ibi tí o ti mí nínú àwo, o kò mí níbẹ̀. Ibi tí ohùn ti já, o kò jẹ́ kó já."

Àwẹ̀ró nàró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ́tí sí ara rẹ̀ ìgbà èwe. Òótọ́ ni. Ní ibi tó ti ń gbé orin lọ sókè, ohùn á já lójijì, hẹ́n, bí ẹni tí wọ́n fi ìka gún nínú, á sì mí kó tó máa bá a lọ. Kí ló wá ń ṣe é lọ́jọ́ náà? Oúnjẹ ni àbí oòrùn? Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bà lé ikùn fúnra rẹ̀, ó sì fò sókè.

"Ìyá ẹnubodè! Ẹ wá o! Mo ti mọ̀ ọ́n! Oyún ni! Ọmọ inú ni ó wà nínú orin tí kò kọrin, tí ó wà nínú ilé tí kò tíì wọlé! Ọdẹ́bísí ló ń ta mí nípàá!"

Arúgbó ẹnubodè mi orí. "Gbèsè rẹ tán. Ṣùgbọ́n níbo ni o ti fẹ́ rí oyún báyìí, ìyá àgbà?"

Àwẹ̀ró gbé àpò ọdẹ wá síwájú, òkété ṣì ń ta ìpá níbẹ̀. Ó gbé àpò lé ikùn, ó fi ọ̀já tó fi pọn àwo gbà á dè gírígírí. Ó dojú dé. Orin bẹ̀rẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kó dé ibi tí ohùn ti já, á já òkété léèékánná láti ìta àpò, òkété á ta á nípàá, ohùn á sì já, hẹ́n. Kò fi ọnà ọ̀fun kan kún un. Kò fẹwà ṣe. Ọmọbìnrin olóyún ni ó jẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn méjèèjì so kọ́ra. Wọ́n kú, wọ́n sì kán sórí aṣọ bí èèrí funfun. Àwẹ̀ró, tó ṣì wà ní ìdojúdé, tí ẹ̀jẹ̀ ti kún orí rẹ̀, gbọ́ agídìgbo tó dá dúró, láìsí òun lórí rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ àwọn bàbá Ọdẹ́gbèmí, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́ rí láyé, ohun tó wà lábẹ́ ohùn òun láti ọjọ́ náà wá:

*Àwẹ̀ró, mí.*
*Má sáré, mí.*
*Ọmọ ń ta ẹsẹ̀, jẹ́ kó ta.*
*Ilé wa ti kún, mí.*

Kó, kó, kó.

Kò lè nàró fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ló dun òun. Ẹ̀yin ẹ gbà á gbọ́ bó bá wù yín.

Ìyá Asẹ́ kó èèrí ohùn náà sínú igbá. "Èyí jẹ́ tiwa," ni ó wí. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ jẹ ẹ́, ẹ yó. Ó dùn, mo mọ̀ pé ó dùn." Ó tú òkété sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún un, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó kúnlẹ̀ fún òkété, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," òkété sì sá wọ igbó láìwẹ̀yìn.

Nígbà tó délé, kò lè sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá, ọwọ́ ló fi ń júwe. Àwọn obìnrin Òkè-Ẹtu ló kọ́kọ́ figbe ta, wọ́n ní ta ni yóò máa bá àwọn pe ọkọ àwọn. Ó gbé àwo lé giramafóònù, ó fà mí jókòó tì í, èmi sì gbọ́ bàbá mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò kúrò nídìí ẹ̀rọ náà títí àtàǹpàkò mi fi mọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ ọdún ọdẹ dé. Àpótí ìjókòó Ọdẹ́gbèmí wà lórí ìlà, eruku bò ó. Olúọdẹ dúró tì í, ó ti tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ dì í mú. Mo gbé agídìgbo lé itan, mo ta á. Nígbà tí mo dé ibi kó, kó, kó, Olúọdẹ nàró, ó ṣí fìlà.

"Ọdẹ́gbèmí rèé," ni ó wí. "Ọdẹ́gbèmí gan-an rèé." Ó tẹ́tí títí mo fi parí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ìyá Ọdẹ́bísí, èyí tó wà láàárín ńkọ́, èyí tó ní kí èèyàn mí? Kò sí níbẹ̀ láyé bàbá Ọdẹ́gbèmí."

Àwẹ̀ró fi ohùn tó há dá a lóhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ọkọ mi ló fi kún un. Ẹ fẹ́ yọ ọ́ ni, bàbá? Ẹ lọ sí Ìlú Asẹ́rin. Mo máa júwe ọ̀nà fún yín, mo sì máa kọ́ yín bí wọ́n ti ń tẹ̀ ba."

Gbogbo ọdẹ bú sẹ́rìn-ín, Olúọdẹ náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi fìlà rẹ̀ nu eruku orí àpótí náà. "Ọdẹ́bísí, jókòó."

Mo jókòó. Obìnrin kò jókòó níbẹ̀ rí ṣáájú mi. Bí ìdí mi ti kan pákó, nǹkan já lọ́fun ìyá mi. Ohùn rẹ̀ padà. Ó la ẹnu, ó ké orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àparò gbogbo oko Òkè-Ẹtu sì fò.

Ìdí tí a kì í fi í jẹ òkété nílé wa nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sè é, kó gbé ìkòkò rẹ̀ jìnnà sí mi. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń yọ́ èèrí ohùn Àwẹ̀ró jẹ ní Ìlú Asẹ́rin, pé kò tíì tán. Bí ẹ bá sì gbọ́ agídìgbo ilé wa, tí ẹ gbọ́ ibi tó ti dúró díẹ̀ kó tó máa lọ, ẹsẹ̀ tèmi lẹ gbọ́ yẹn. Kí n tó mọ ìbọn í mú, kí n tó bá òkìtì ọ̀gán jà, mo ti dá orin ńlá dúró láti inú.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n irin agídìgbo mi ká lójú gbogbo yín. Ó yá, ẹ gbé ẹ̀gúsí yín wá kí n wò ó. Ta ló bó èyí? Ìdajì rẹ̀ ti wọ ikùn ẹnì kan.